Fóònù Pupa Tí Ọ̀gá Ọlátẹ́jú Kò Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ní pápákọ̀ òfurufú ìlú kan tí mo fẹ́ bò láṣìírí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọlátẹ́jú. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi jókòó sínú yàrá onígíláàsì lókè ilé gogoro, tó ń sọ fún àwọn awakọ̀ bàálù ìgbà tí wọ́n lè gbéra àti ìgbà tí wọ́n lè balẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ìkíni ti di oúnjẹ fún un. Bí ọmọdé kan bá kí i ní ìkí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, inú rẹ̀ kò ní í dùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìsàlẹ̀ ilé gogoro náà ni Ìbíyẹmí ń jókòó sí, ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbíkẹ́yìn Ọlátẹ́jú lọ. Òun ló ń fi ẹ̀rọ rédà ṣọ́ àwọn bàálù tó ṣì wà lókèèrè. Bí bàálù bá ti sún mọ́ tòsí, á fà á lé Ọlátẹ́jú lọ́wọ́. Fóònù pupa kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Òfin iṣẹ́ sì ni pé kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú iṣẹ́, lórí fóònù yẹn. Sọ ọ̀rọ̀ rẹ, kí ẹnìkejì tún un sọ kí o lè mọ̀ pé ó gbọ́, ó parí. Láràárọ̀ ni Ìbíyẹmí ń kúnlẹ̀ kí ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó bá ti dórí fóònù, òfin ló ń tẹ̀ lé.

"Ṣé ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ ni?" Ọlátẹ́jú bi í lọ́jọ́ kan. "O kàn gbé fóònù, o bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ bò mí!"

"Ẹ má bínú, sà. Òfin ló ní ká má..."

"Òfin ló bí ẹ ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí fóònù pupa bá dún, Ọlátẹ́jú á jẹ́ kó dún títí kó tó gbé e. Ó ní òun ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Àgbàlagbà, tó ń fi ẹ̀mí èèyàn kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ bolẹ̀ débi pé láti inú gíláàsì, ìdajì ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀ ni ojú lè rí. Iná mẹ́ta sì ti kú ní ìpẹ̀kun ọ̀nà náà. Sùbérù, oníná pápákọ̀ náà, gòkè wá gba àṣẹ láti lọ tún wọn ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun taṣọ iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá wa. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ilé ńkọ́?"

Inú Ọlátẹ́jú dùn ṣìnkìn. "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyí! Máa lọ, Sùbérù. Tan rédíò ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Bí bàálù bá ń bọ̀, màá pè ọ́ kó o kúrò lọ́nà."

Bàálù kan ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọlátẹ́jú mọ̀ pé awakọ̀ kì í balẹ̀ láìkọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé rédíò bàálù náà ti kú lókè lọ́hùn-ún. Ìbíyẹmí rí àmì ìkìlọ̀ tí awakọ̀ fi ránṣẹ́ lójú rédà: awakọ̀ náà kò lè gbọ́, kò lè fọhùn, ó sì ti dojú kọ ilẹ̀. Ọlátẹ́jú nìkan ló lè pe Sùbérù. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìbíyẹmí gbé fóònù pupa.

Fóònù dún. Ọlátẹ́jú wò ó, ó sì mu tíì rẹ̀. "Máa dún. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà." Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá, nítorí pé Ìbíyẹmí ti jù ú sílẹ̀, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin. Ó já wọlé láìwọ bàtà.

"Rédíò wọn ti kú! Wọ́n ti ń balẹ̀!"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé bá àgbà nìyẹn..."

Ariwo bàálù ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó he rédíò. "Sùbérù! Sùbérù, kúrò lọ́nà!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bóyá Sùbérù gbọ́ ariwo náà nínú ọyẹ́. Bó bá gbọ́ ọ, á ti rò pé bàálù ṣì jìn, torí pé bàbá wa kò tí ì pè.

Gbogbo èrò inú bàálù sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Sùbérù nìkan ni wọn kò bá láàyè. Rédíò ọwọ́ rẹ̀ wà nínú koríko, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀gá ṣe ní kó tàn án sílẹ̀.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọlátẹ́jú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ní ọjọ́ fìdáù, ó lọ sílé Sùbérù. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Rísíkátù, opó olóògbé, ó fi irun funfun kanlẹ̀, ó sì kí i. Rísíkátù kò dáhùn. Ó kí i lẹ́ẹ̀kejì, ó kí i lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá," ni obìnrin náà wá wí, "Sùbérù ò kọjá lára yín rí kó má kí yín." Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọlátẹ́jú wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí àwọn aláàánú fi wá gbé e dìde. Láti ìgbà náà, bí èèyàn bá kí i, ẹkún ló máa ń bú sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára kí ọmọdé bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èmi náà fẹ́ràn ìkíni. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ bá so yín pọ̀, ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ ná, kí ẹ tó wo bó ṣe sọ ọ́. Bó bá ṣẹ̀ yín, ìbáwí kò ní í sá lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́ lójú rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.