Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, àǹtí!" Nọ́ọ̀sì tó gún obìnrin aránṣọ kan lábẹ́rẹ́ oge nímú ló ń pariwo lórí fóònù. "Ó máa wálẹ̀ tó bá yá."

Aránṣọ náà pa fóònù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí abẹ́rẹ́ ti sọ imú rẹ̀ tó fẹ̀ dáadáa di ṣóńṣó bí imú àyálò. Apá kan sì tún wú, ó le gbagidi. Ó ti ń sá fún ìyá rẹ̀ látọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àárò ò jẹ́ kó gbádùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìyá.

Àìsàn ìgbàgbé ti gba gbogbo orúkọ lọ́wọ́ arúgbó náà. Kò tiẹ̀ dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àmọ́ nígbàkigbà tí aránṣọ bá wọlé, ìyá á na ọwọ́, á fi ìka tọ imú rẹ̀ látòkè délẹ̀, á wá bú sẹ́rìn-ín: "Imú ọkọ mi rèé! Ọmọ mi ni ẹ́. Jókòó, jàre."

Lónìí, ìka náà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ó padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màámi, èmi ni o."

"Ẹ ǹlẹ́ o."

Aránṣọ fẹ́ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ni ìyá bá rọra di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ló ni àga yẹn. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni, ó ń bọ̀."