Páìpù Tí Ọkọ̀ Sájẹ́ǹtì Déwálé Fi Ń Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá mi kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi."

1. Bárékè kan ní Maiduguri ni Sájẹ́ǹtì Déwálé ń gbé pẹ̀lú Yéjídé ìyàwó rẹ̀ àti Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ìgbéyàwó. Ọdún méjì gbáko ló fi fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ kan lẹ́yìn ilé: ẹ́ńjìnnì àlòkù, irin àjópọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, gbogbo bárékè pàtẹ́wọ́. Orí Déwálé wú!

2. Ẹ gbọ́ ná, ẹ́ńjìnnì náà a máa mí o. Páìpù kékeré kan ló fi ń tú èéfín inú rẹ̀ jáde, epo dúdú a sì máa kán níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo Sátidé ni àwọn ọ̀gá ológun ń yẹ iwájú ilé kọ̀ọ̀kan wò ní bárékè. Wọ́n rí epo nílẹ̀ níwájú ilé Déwálé, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Sájẹ́ǹtì, ọkọ̀ ẹ tún ti tọ̀ sílé o!"

Inú bí i. Ó gé páìpù náà kúrú, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí orí sàlẹ́ńsà, irin èéfín abẹ́ ọkọ̀ tó máa ń gbóná, kí epo lè máa gbẹ kó tó kanlẹ̀. Lóòótọ́, ilẹ̀ mọ́.

3. Ó wa ọkọ̀ lọ sí àdúgbò Gwange, ọ̀dọ̀ Mùhámmẹ́d mẹkáníìkì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Maiduguri, kó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Bí Mùhámmẹ́d ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pariwo.

"Haba, Ọ̀gá! Orí sàlẹ́ńsà? Wallahi, iná lẹ ń pè!" Ó gé họ́ọ̀sì kan tí kò gùn ju apá lọ. "Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n gbé e gba ẹ̀yìn, kó jìnnà sí ibi tó gbóná. Ẹ ó wá so agolo mọ́ ẹnu rẹ̀, kó máa gba epo."

Agolo mílíìkì lásán! Ṣùgbọ́n Déwálé fi í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ò to kẹ̀kẹ́ rí, èmi lo fẹ́ kọ́?" Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàmù, ó bá tirẹ̀ lọ.

4. "Dádì, ọkọ̀ yìí ń rùn. Ojú ń ta mí."

"Jókòó jẹ́ẹ́, Fẹ́yìsayọ̀."

Yéjídé bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Fẹ́yìsayọ̀, ẹ padà lọ bá Mùhámmẹ́d."

"Kí n lọ bẹ mẹkáníìkì? Láéláé!"

5. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, oòrùn ń jó ni. Ó lọ gbé ọmọ nílé ìwé. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ 1000 Housing Estate ni iná sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀ ti há.

"Dádì, ẹ ṣí i! Dádì!"

Àwọn èèyàn ń pariwo "Ruwa! Ruwa!", àmọ́ kò sí omi nítòsí. Yanrìn ni wọ́n ń bù dà á. Nígbà tí ilẹ̀kùn máa fi ṣí, Fẹ́yìsayọ̀ ò pe Dádì mọ́. Háà! Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra.

6. Mùhámmẹ́d wá bá wọn kẹ́dùn nílé. Báńdéèjì ni wọ́n fi wé ọwọ́ Déwálé méjèèjì.

"Họ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?" ni Déwálé bi í.

"Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá. Mo rò pé ẹ máa padà wá."

Déwálé bú sẹ́kún bí ọmọdé. Yéjídé ò wò ó. Ojú ẹ̀ wà níta, níwájú ilé wọn tí kò ní àbàwọ́n kankan.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ọkọ̀ yín bá ń rùn, ẹ dúró, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbé epo sún mọ́ ohun tó gbóná. Ẹ má sì tìtorí yẹ̀yẹ́ bo àléébù tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Bí ẹni tó kéré sí yín bá kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíì tó ń wakọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.