Ìyá Inú Ọgbà Àjàrà

Ọgbà àjàrà náà ti di igbó ní ilẹ̀ Faransé kí Moróunkéjì tó rà á, tó sì tún un ṣe. Baba tó tà á bẹ̀ ẹ́ pé kó má hú àjàrà tí ìyàwó òun olóògbé gbìn. Moróunkéjì ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó hú wọn, ó fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ó gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gé afẹ́fẹ́ bí ẹni ń gé ẹ̀ka.

“Ìyá, kí lẹ ń wá?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìwọ lo jí ọgbà wa dìde? O ṣeun, ọmọ mi. Gbà, jẹ èso ọgbà wa.”

Moróunkéjì kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Èso àjàrà tútù ló kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.