Àgbàdo Tí Kòkòrò Kò Lè Jẹ

Àléébù ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmọ̀wé. Ìyìn ló fẹ́ràn ju òtítọ́ lọ. Bí wọ́n bá yìn ín láàárọ̀, ebi kì í pa á mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí wọ́n bá sì bá a wí, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa da irú àgbàdo kan pọ̀ mọ́ òmíràn, kí ó lè rí èyí tí yóò so dáadáa, tí kòkòrò kò sì ní lè jẹ. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àgbẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ń pè é ní Ọmọ Ìyá Mi.

Iṣẹ́ onísùúrù ni. Ọ̀mọ̀wé á fi àpò bébà bo orí àgbàdo, á gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan sórí irun èkejì, á gbin èso wọn, á ṣa èyí tó dára, á tún gbìn ín. Nígbà tó yá, ó rí irú kan tó ga, tó ń pọn ọmọ méjì-méjì. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kòkòrò fẹ́ràn àtijẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀mọ̀wé ti lọ fọ́nnu lórí rédíò pé, "Kòkòrò tó bá fẹnu kàn án, ó ti bá ikú pàdé." Ni ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ náà bá pe àwọn àlejò pàtàkì kí wọ́n wá wò ó.

"Kò tíì yá" ni gbogbo ohun tó yẹ kó sọ. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, ó gbé ike oògùn apakòkòrò kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fín in yí pápá náà ká. Ó tún fín in lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ihò kan kò sí lára ewé. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbóòórùn oògùn ní ìka rẹ̀.

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ náà tó ń sin kòkòrò nínú ife kéékèèké, nínú yàrá tó móoru, tó sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kó wọn sórí ewé láti dán àgbàdo wò. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀mọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ kan ń rú mi lójú. Àwọn kòkòrò tí mo kó sórí àgbàdo yín ti kú."

"Ṣebí ohun tí a ń wá nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ewé rárá kí wọ́n tó kú. Bó bá jẹ́ inú ewé ni agbára ọ̀hún wà, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ ká tún un gbìn síbòmíràn, ká wò ó dáadáa."

Ara Ọ̀mọ̀wé gbóná fún ìtìjú. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ ìtìjú tó yẹ kó mú un jẹ́wọ́ ló mú un hùwà ìkà. Ó sọ fún ọ̀gá pé ìlara ló ń da obìnrin náà láàmú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà, wọ́n ní kó lọ máa gbálẹ̀ ilé ìkó-irúgbìn-sí, kó sì máa to àpò. Bí wọ́n bá pàdé, obìnrin náà á kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọ̀mọ̀wé á dáhùn, ṣùgbọ́n bàtà ara rẹ̀ ni yóò máa wò.

Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Wọ́n pín irúgbìn náà fún àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀mọ̀wé gbìn ín sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ó ń wí pé: "Ọmọ Ìyá Mi ló ṣe é o! Ẹ má wulẹ̀ fín oògùn." Wọ́n gbà á gbọ́. Kòkòrò sì ya dé.

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé fi dé oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ewé àgbàdo ti lu bí ajere. Àwọn aládùúgbò dúró yí obìnrin náà ká, òun sì ń bá wọn jà nítorí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ò gbìn ín dáadáa! Àbúrò mi kì í purọ́." Ó rí Ọ̀mọ̀wé, ojú rẹ̀ sì tàn. "Ó ti dé náà nìyẹn. Ọmọ Ìyá Mi, ṣàlàyé fún wọn."

Ọ̀mọ̀wé wò ó bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ìyìn ṣì ń pè é níbẹ̀. Irọ́ kan péré ni yóò ná an. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ẹni tó gbà á gbọ́ yìí, irọ́ náà kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò jẹ̀bi. Oògùn ni mo fín sí i tí kòkòrò ò fi jẹ ẹ́. Àgbàdo yìí ò lágbára kankan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí i.

"Ká ní o sọ fún mi pé iṣẹ́ náà ò tíì yanjú, ṣé n óò kọ̀ ọ́ lọ́mọ ìyá ni? Mo ti fi orúkọ rẹ búra fún àwọn èèyàn yìí."

Ó kúnlẹ̀ láàárín ebè, àgbàlagbà obìnrin, ó ń bẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mọ̀wé na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọn ọwọ́ náà dànù.

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́, wọ́n lé Ọ̀mọ̀wé, wọ́n fa àgbàdo rẹ̀ tu, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n sì dá obìnrin onímọ̀ kòkòrò padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì yàrá kòkòrò tó móoru náà, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kò bú u, kò sì gbé e dìde. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kó kòkòrò láti ife kan sí òmíràn.

"Mo ti gbọ́, sà," ló wí. "Bí ẹ bá ń lọ, ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé. Ooru ń jáde."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Kò sí ìtìjú nínú ká sọ pé iṣẹ́ wa kò tíì yanjú. Ìtìjú ń bẹ nínú ká fi irọ́ bo àbùkù rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ èrú gba ìyìn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni yóò bá a san án. Ẹni tó bá sì ń tọ́ka àṣìṣe wa sí wa ní kùtùkùtù, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀tá. Ẹni tó fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́ ni.