Bẹ́ǹṣì Ìran Odi Kessler

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìrántí Odi Kessler, Verna Leidig a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi óákù, ọkọ rẹ̀ Ammon a sì dúró sínú oòrùn lẹ́yìn okùn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Kìkì ìran àwọn ọmọ ogun tó wà nínú odi náà lálẹ́ tí àwọn ará Seneca, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, wá gbógun tì í ló ń jókòó síbẹ̀. Baba ńlá Verna wà lára wọn. Ọmọ ogun ibẹ̀ ni Jost Leidig, baba ńlá Ammon náà, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Lucinda Hartzell, alága ẹgbẹ́ ìran náà, ní ńṣe ni Jost sá lọ kí ogun tó dé.

"Ta ló rí i?" Ammon bi í.

"Àwọn bàbá wa ni. Nígbà tí wọ́n délé láàárọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó wọn."

Ammon ti lé ní àádọ́rin ọdún, dókítà sì ti kìlọ̀ oòrùn fún un. Ó fẹ́ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ kó tó kú, ó sì fẹ́ kí orúkọ Jost wà lára òkúta ìrántí. Ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Bí Jékọ́bù ṣe sin Lábánì nítorí Rákélì ló ṣe ń sin ìwádìí náà.

Ó bá àwọn tó ń hú ilẹ̀ odi ṣiṣẹ́. Níwájú, níbi tí wọ́n ti jà, wọn ò rí ọta ìbọn kan ṣoṣo.

"Àwọn bàbá wa kì í fi ọta ṣòfò," ni Ìyáàfin Hartzell wí. "Ara ọ̀tá ni gbogbo rẹ̀ bá lọ."

Lẹ́yìn odi, lójú ọ̀nà odò, wọ́n hú bàtà, bọ́tìnnì àti páànù ìdáná ọ̀gágun.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wẹ̀."

"Pẹ̀lú páànù?" Verna bi í.

"Ọ̀gágun fẹ́ràn ìmọ́tótó, Verna."

Kò sí ohun tó dárúkọ Jost. Ammon wá ní òun yóò lọ bá àwọn ará Seneca, tí àwọn àgbà wọn ṣì ń sọ ìtàn òru ọjọ́ náà fún ọmọ wọn.

Ìyáàfin Hartzell rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀tá lo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí?"

"Ta ló tún rí ojú àwọn tó jà, Ìyáàfin, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n jọ jà?"

Arlene Jimerson, àgbà obìnrin kan láàárín wọn, ni ìtàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu kọfí fún Ammon, ó sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán.

"Jost wà nínú odi lálẹ́ ọjọ́ náà," ni ó wí. "Àwọn bàbá wa fojú rí i."

Ammon bú sẹ́kún.

"Ìyókù ńkọ́, Ìyáàfin?"

"Ìyókù kàn àwọn èèyàn yín náà, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n pè mí síbi ìrántí náà. Ṣé páì máa wà níbẹ̀?"

Orin ìyìn ni Ammon kọ délé.

Lọ́jọ́ ìrántí, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n yìnbọn sókè, Ìyáàfin Hartzell sì ké sí àlejò.

"Ẹ sọ ọ́ sétí gbogbo wa. Ṣé Jost Leidig wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ariwo sọ. Ammon gbé ẹsẹ̀ kọjá okùn, Verna sún fún un, ó sì jókòó.

"Jókòó dáadáa," ni Verna wí. "O jókòó sétí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó jí i."

Ìyáàfin Hartzell fúnra rẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó tọrọ àforíjì níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Jost sára òkúta kí oòrùn tó wọ̀. Inú rẹ̀ wá dùn débi tó fi yíjú padà sí Arlene.

"Ìyáàfin Jimerson, ẹ kúkú bá wa sọ ti àwọn akọni yòókù náà. Báwo ni wọ́n ṣe jà?"

"Jost nìkan làwọn bàbá wa bá níbẹ̀," ni Arlene wí, "àwọn ará odi ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun sáré lé àwọn yòókù, kí wọ́n bá òun gba kọ́kọ́rọ́ wá."