Ta Ló Rán Bàtà Inú Gíláàsì?

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó.

Nílé tí wọ́n ń kó bàtà àtijọ́ sí, ìyá àgbà kan ń yí àpótí gíláàsì po bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

"Ta ni wọ́n ní ó rán eléyìí, ọmọ mi?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, mà," ni ẹ̀ṣọ́ ilé náà dáhùn. "Ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì kan ni. Okùn tó fi rán an kọjú sódì."

"Ọkùnrin kẹ̀! Bàtà tìrẹ ń yánu. Bọ́ ọ wá."

Ó fọwọ́ òsì yọ abẹ́rẹ́ lápò, ó ń kọrin, ó ń rán.

Ẹ̀ṣọ́ wo bàtà rẹ̀, ó wo ti inú gíláàsì, ó fa bírò yọ.

"Mà, kí lorúkọ yín, kí n kọ ọ́ síbí?"

Ìyá àgbà àti ẹ̀ṣọ́ jọ jẹun yó kí wọ́n tó relé. Ẹ̀yin náà, oúnjẹ ti délẹ̀.