Ilẹ̀kùn Tó Yarí Lójú Ọ̀run

Obìnrin arìnrìn-àjò òfurufú náà tún fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ilẹ̀kùn yarí. Bí kò bá pa dé, oòrùn á jó ẹ̀rọ náà. Atẹ́gùn tí òun fúnra rẹ̀ ń mí sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nílẹ̀ ayé, ní Houston lÁmẹ́ríkà, ogún onímọ̀ ń jiyàn nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ fún mi ní ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀, tó wá wòran láti Pearland nítòsí, wí. Ó gba maìkì. "Ìwọ ọmọ yìí! Látàárọ̀, o ò kí mi?"

"Ẹ káàárọ̀ mà!" Kí ọmọ tó rántí ibi tó wà, ó ti kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, gbàmù, ó pa dé!

Ìyá bú sórin: "Ọmọ mi kúnlẹ̀ o, níbi tí kò sílẹ̀! Ẹ̀kọ́ ilé kì í gbé o, ẹ̀kọ́ ilé!"

Ọmọ wọ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ padà láyọ̀. Àwọn onímọ̀ sáré kọ ìkúnlẹ̀ náà sínú ìwé ìlànà iṣẹ́ wọn. Kó tó di ọ̀sán, àwọn òyìnbó tó kàn láti lọ sí òfurufú ti ń kúnlẹ̀ nínú adágún omi tí wọ́n fi ń dánra wò, ìyá sì di maìkì mú:

"Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ta ló ní kí ẹ kúnlẹ̀? Ẹ dọ̀bálẹ̀!"